Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olóòtú ìròyìn òkèèrè ní Spéìn: ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí lọ sí Dakar lọ́wọ́ òfo

Ẹ̀yin àgbà oníròyìn, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ìròyìn òkèèrè ní àwọn ilé ìwé-ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Madrid àti Barcelona,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ ò mọ̀ mí. Ọmọ Yorùbá ni mí, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní Madrid, ọ̀rọ̀ ọmọ yín kan ló sì mú mi gbé kálámù. Èdè mi ni mo kọ́kọ́ fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ẹ ń gbé ìròyìn wọn jáde lójoojúmọ́ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe sí ẹni tí ó ń wá ìròyìn náà. Ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Spéìn máa tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Akọ̀ròyìn ni ọmọbìnrin tí mò ń sọ, ọmọ ọdún 26. Ó ń kó lọ sí Dakar, olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ó kọ̀wé sí ilé ìròyìn tó pọ̀ nínú yín pé òun fẹ́ máa kọ ìròyìn ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kò dáhùn. Èyí tó dáhùn kọ ìlà mẹ́rin péré: àwọn yóò fẹ́ rí ohun tó bá kọ; €70 ni fún ìròyìn tó bá jáde, €15 fún fọ́tò; àwọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìdánimọ̀ akọ̀ròyìn, àwọn kì í san owó ọkọ̀; ohunkóhun tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí i lọ́hùn-ún, kò kan àwọn. Ojú mi báyìí ni mo fi kà á. Mi ò ní dárúkọ ilé ìròyìn náà, nítorí mo ti bá àwọn akọ̀ròyìn mìíràn sọ̀rọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń gbọ́ káàkiri.

Ìdáhùn yẹn ló bí lẹ́tà yìí. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fi ìlà mẹ́rin dá lóhùn.

Ọmọ agbègbè Zamora ni, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kó lọ tipẹ́tipẹ́, tó fi jẹ́ pé àwọn arúgbó ló kù ní ọ̀pọ̀ abúlé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn ní Salamanca. Ó kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwé-ìròyìn kan ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn àgbà ibẹ̀ lọ sinmi, tó jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ bíi tirẹ̀ ló ń fi òru kọ ojú ewé tí àwọn ènìyàn ń kà láàárọ̀. Ó gbọ́ Faransé dáadáa. Wolof tó ń kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl tó ń tajà ní àdúgbò Lavapiés ní Madrid kò tíì já geere, ṣùgbọ́n ó ti lè bá wọn ná ọjà, ó sì ti lè bi wọ́n léèrè ìyá wọn.

Ẹja ni ohun tó gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ọmọ tí ìlú rẹ̀ kò rí òkun rárá! Ó máa ń bá ẹlẹ́ja kan ládùúgbò wa lọ sí Mercamadrid lóru, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja fún gbogbo àárín gbùngbùn Spéìn, yóò sì dúró máa ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ó ya fọ́tò ọ̀kan fi hàn mí. Orúkọ ẹja wà lára rẹ̀, irú àwọ̀n tí wọ́n fi pa á wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni “FAO 34”. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Apá òkun kan ni nọ́ńbà yẹn dúró fún: ó bẹ̀rẹ̀ láti Mòrókò, ó gba iwájú Sẹ̀nẹ̀gàl kọjá, ó yí wá sí Gánà àti Èkó tiwa, ó sì lọ dé ẹnu odò Kóńgò. Páálí ẹja kan ló fi ṣàlàyé fún èmi ọmọ Áfíríkà ohun tí mo ti ń jẹ láti ọdún tí mo ti dé Madrid.

Láti 2019 títí di oṣù Kọkànlá 2024, àdéhùn wà láàárín Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Sẹ̀nẹ̀gàl tó fún àwọn ọkọ̀ ìpẹja, ti Spéìn wà lára wọn, láyè láti pa ẹja tuna àti ẹja tí wọ́n ń pè ní merluza nínú omi Sẹ̀nẹ̀gàl. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, wọn ò sọ ọ́ dọ̀tun. Oṣù mélòó kan ṣáájú, ní oṣù Karùn-ún 2024, Yúróòpù ti fún Sẹ̀nẹ̀gàl ní ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní káàdì yẹ́lò, wọ́n ní kò gbógun tó ti ìpẹja tí kò bófin mu. Àwọn apẹja ìlú etí òkun Saint-Louis àti Mbour ní Sẹ̀nẹ̀gàl ń pariwo pé ẹja ti tán lómi. Yaboi, ẹja tí mẹ̀kúnnù fi ń jẹun, ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń lọ̀ di ìyẹ̀fun oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ọkọ̀ onígi gbọọrọ tí bàbá fi ń pa ẹja, òun náà ni ọmọ ń wọ̀ lọ sí Erékùṣù Kánárì, ilẹ̀ Spéìn tó wà lójú òkun. Ìròyìn tí ọmọbìnrin yìí fẹ́ kọ nìyẹn: láti orí páálí ní Madrid padà sí orí ọkọ̀ onígi ní Saint-Louis. Ó fẹ́ ṣe é fún rédíò pẹ̀lú, nítorí ó gbàgbọ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ohùn apẹja fúnra rẹ̀ kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin àgbà, mélòó nínú àwọn tí ẹ ń san owó oṣù fún ló mọ ọ̀rọ̀ yìí tó báyìí?

2. Kámẹ́rà yín wà níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, kì í sí níbi tó ti ń gbéra.

Ní 2024, ènìyàn 46,843 ló gba ojú òkun dé Erékùṣù Kánárì, gẹ́gẹ́ bí Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé Spéìn ti kà wọ́n. Iye bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé rí. El Hierro, erékùṣù tí gbogbo ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 11,000 lọ, gba ohun tó lé ní 20,000 nínú wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2025, ọkọ̀ kan ti wọ èbúté La Restinga ní El Hierro tán, àwọn olùgbàlà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó tó dojú dé. Obìnrin àti ọmọbìnrin 7 ló kú níbi tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn láti orí ilẹ̀. Ẹ gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ ṣe dáadáa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a sin wọ́n tán, ta ni nínú yín tó rán ènìyàn lọ sí etí òkun tí wọ́n ti wọ ọkọ̀? Ta ló bi ìyá wọn léèrè? Èmi ti jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ń bi àwọn tó sọ̀kalẹ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè, mo ń túmọ̀ ohùn wọn, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ kì í bá èyí tí mò ń kà nínú ìwé-ìròyìn lọ́jọ́ kejì mu. Nínú ìwé-ìròyìn, nọ́ńbà ni wọ́n. Nínú yàrá yẹn, ọ̀kan jẹ́ télọ̀, ọ̀kan jẹ́ ọmọ apẹja tí ẹ̀rọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ bàjẹ́ tí wọn kò rówó tún un ṣe. Ẹni tó bá wà ní Saint-Louis nìkan ló lè kọ ìtàn ẹ̀rọ ọkọ̀ yẹn. Ọmọ yìí fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀, €70 ni ẹ ní kó gbà.

3. Ẹ bá wa ṣírò €70 yẹn.

Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń ṣe ìṣirò ìrìn-àjò ẹyọ kan sẹ́yìn àpòòwé: láti Dakar lọ sí Saint-Louis, ọ̀nà tó lé ní 250 kìlómítà. Ó ṣírò owó ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní sept-place, àlọ àti àbọ̀. Ó ṣírò ibi tí yóò sùn, oúnjẹ, dátà tí yóò fi fi ohùn àti fọ́tò ránṣẹ́, àti owó ẹni tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja, tí yóò sì bá a túmọ̀ Wolof tó bá jinlẹ̀. Kó tó kan oúnjẹ, €70 ti tán. Ó wá ní bóyá kí òun máa sùn ní ilé ẹni tí òun bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mo ní kó má dán an wò.

Kó tó lè kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí yín pàápàá, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí autónomo, ìyẹn aládàáṣiṣẹ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Ní ọdún kìn-ín-ní, lẹ́yìn tí ìjọba ti ṣe ẹ̀dínwó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, €80 ni owó Seguridad Social, owó ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ tí ìjọba ń gbà, lóṣù, kí wọ́n tó fi àfikún lé e. Ìyẹn ni pé odindi ìròyìn kan, pẹ̀lú ìrìn-àjò rẹ̀ àti òru àìsùn rẹ̀, kò tó san gbèsè oṣù kan fún ìjọba. Ìwé adójútòfò tí yóò gbé e padà wálé bí ó bá ṣàìsàn tàbí fara pa kò tíì sí nínú ìṣirò yẹn. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fi ìlà gba abẹ́ rẹ̀, kò sì rí iye kankan kọ síwájú rẹ̀.

4. Ẹ ti sin ọmọ bíi tirẹ̀ rí.

Èyí ló dùn mí jù nínú ìlà mẹ́rin yẹn, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ̀. Miguel Gil Moreno fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀, ó gun alùpùpù lọ sí Bosnia nígbà ogun láìsí ẹni tó rán an. Ó di ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ogun tó dára jù lọ láyé. Wọ́n pa á ní Sierra Leone ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2000, òun àti akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà Kurt Schork. Àjọ ìròyìn Amẹ́ríkà, Associated Press, ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2003, ọta ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà bá José Couso, ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n Telecinco, ní ilé ìtura Palestine ní Baghdad. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 2021, wọ́n pa àwọn akọ̀ròyìn yín David Beriain àti Roberto Fraile ní ìlà-oòrùn Burkina Faso, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù nípa àwọn tó ń pa ẹranko igbó láìtọ́.

Antonio Pampliega, José Manuel López àti Ángel Sastre wọ Síríà ní oṣù Keje 2015. Akọ̀ròyìn aládàáṣiṣẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n jí wọn gbé ní Aleppo, wọn kò sì rí òmìnira títí di oṣù Karùn-ún 2016. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ: bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ṣe jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ náà jáde lójú ewé yín, ṣé ẹ ṣe ti yín?

Mo mọ̀ pé Dakar kì í ṣe Aleppo. Ìlú àlàáfíà ni, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń ṣòwò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà 2023, ènìyàn kú nínú ìwọ́de ní òpópónà Dakar, ìjọba sì gé íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni olóòtú máa ń pe ẹni tó wà níbẹ̀ pé kó jáde lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá á dá a dúró, yóò béèrè ilé ìròyìn tó ń bá ṣiṣẹ́. Kí ni kó fi hàn án? Ìlà mẹ́rin yín?

5. Ẹ má sọ pé kò sówó, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ojú yín rí. Ní 2012 nìkan, ìwé-ìròyìn El País lé òṣìṣẹ́ 129 lẹ́nu iṣẹ́, ìwé-ìròyìn Público dáwọ́ bébà títẹ̀ dúró. Ní oṣù Kọkànlá 2013, wọ́n pa iná tẹlifíṣọ̀n Canal Nou ní Valencia. Lọ́dún yẹn kan náà, ó lé ní ìdajì nínú àwọn ọ̀dọ́ Spéìn tó ń wá iṣẹ́ tí kò rí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé di ẹrù wọn, wọ́n kọrí sí Lọ́ńdọ̀nù àti Berlin. Ọ̀pọ̀ wọn kò padà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lákòókò kan náà. Àwòrán tó gba ẹ̀bùn World Press Photo ti 2011, obìnrin aláṣọ dúdú tó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra ní Sana'a, olú ìlú Yemen, ọmọ yín Samuel Aranda ló yà á, New York Times ló rán an. Nígbà tí wọ́n fún ayàwòrán yín Manu Brabo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bùn Pulitzer ní 2013 lórí ogun Síríà, Associated Press ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn, ẹlòmíràn ló ń kórè. Ilẹ̀ yín sì ni akọ̀ròyìn obìnrin Carmen de Burgos ti gbéra lọ sójú ogun Melilla ní àríwá Áfíríkà ní 1909, ilẹ̀ yín ni ìwé-ìròyìn ABC ti ń gba ìròyìn láti ọwọ́ Sofía Casanova ní Rọ́ṣíà nígbà ìyípadà ìjọba 1917. Kò yẹ kí ilẹ̀ tó ní irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ máa san €70.

Ẹ tún wo òfin yín. Láti oṣù Kẹjọ 2021, òfin tí wọ́n ń pè ní Ley Rider ti sọ pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri fún wọn, kí wọ́n yé pè é ní autónomo. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2024, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ pàápàá sílẹ̀ ní Seguridad Social. Ẹ̀yin fúnra yín kọ̀wé gbè àwọn òfin wọ̀nyí, mo kà á. Ẹni tó ń gbé pizza rí òfin tó dáàbò bò ó. Ẹni tó ń gbé ìròyìn wá fún yín láti Áfíríkà, òfin kan náà kò bá a dé ibẹ̀, inú rere yín nìkan ló kù fún un.

Bí owó kò bá sí lóòótọ́, ẹ ṣe bí AFP, àjọ ìròyìn ilẹ̀ Faransé, ti ṣe. Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, wọ́n kéde pé àwọn kò ní gba iṣẹ́ aládàáṣiṣẹ́ kankan láti ibi tí àwọn fúnra wọn kò lè rán òṣìṣẹ́ tiwọn lọ. Wọ́n pàdánù ìròyìn nítorí ẹ̀. Ẹnu wọn àti ìwà wọn sì dọ́gba.

6. Ẹnì kan tún wà tí ẹ kì í rántí.

Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tí yóò mú un lọ, tí yóò mọ ilé tí a lè wọ̀ àti èyí tí a kò gbọ́dọ̀ wọ̀, tí yóò túmọ̀, tí yóò sì kù síbẹ̀ nígbà tí ìròyìn bá bí ọlọ́pàá nínú. Orúkọ rẹ̀ kì í jáde. Akọ̀ròyìn ló ń san owó rẹ̀ nínú €70 yẹn. Ìwé ìdánimọ̀ kò sí, adójútòfò kò sí, bí wọ́n bá sì mú un, kò sí ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Spéìn tí yóò gbèjà rẹ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ: ìdajì ohun tí ẹ ń pè ní ìròyìn láti Áfíríkà, ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ti wá.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Ìwé ìdánimọ̀ tó ní orúkọ rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ yín àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè, kí ó tó kúrò ní Madrid. Ẹyọ bébà kan ni.

Adójútòfò tó kan àìsàn, ìfarapa àti gbígbé ènìyàn padà wálé, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ tiyín. Reporters Without Borders ti ṣètò irú rẹ̀ fún àwọn aládàáṣiṣẹ́, wọ́n tún ń yá wọn ní ẹ̀wù ayẹta àti akoto. Ọ̀nà ti là sílẹ̀, owó rẹ̀ lẹ máa san.

Owó iṣẹ́ tí ẹ ti jọ fọwọ́ sí kó tó jáde lọ, pẹ̀lú owó ọkọ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú. Iṣẹ́ tí ẹ bá rán an, kí ẹ san owó rẹ̀ bó bá jáde tàbí kò jáde, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa ààbò àti ìtọ́jú pàjáwìrì. Ní oṣù Kejì 2015, lẹ́yìn ikú James Foley, akọ̀ròyìn aládàáṣiṣẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n pa ní Síríà, ọ̀pọ̀ ilé ìròyìn àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà pé bí wọ́n ti ń ro ti ààbò òṣìṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ro ti aládàáṣiṣẹ́. Ẹ kà á, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì yín níbi tí ọmọ tuntun ti lè rí i.

Orúkọ àti owó fún ògbufọ̀ àti amọ̀nà, látọwọ́ yín tààrà, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ má dárúkọ òun.

Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti san owó yàrá oṣù kìn-ín-ní ní àdúgbò Ouakam ní Dakar. Kò ní kí ẹ gba òun síṣẹ́, kò sì bẹ̀ yín fún owó oṣù. Láti òní títí di ìparí oṣù Kẹjọ, àyè ṣì wà fún ọ̀kan nínú yín láti tún ìdáhùn rẹ̀ kọ, kí ẹ sì fi ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé adójútòfò sínú àpòòwé kan náà. Ẹ ní àdírẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wà lókè lẹ́tà tí ẹ kò tíì dáhùn bó ṣe yẹ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ògbufọ̀ kan, ọmọ Yorùbá, ní Madrid